Ìkòkò Omi Ganga Tó Pòórá ní Rameswaram

Aṣọ tútù ṣì lẹ̀ mọ́ Godubai lára nígbà tó kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀, tó ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìrọ̀rí láti gbé ìkòkò rẹ̀. Kò bá nǹkan kan níbẹ̀ bí kò ṣe aṣọ. Ó ká ìrọ̀rí kúrò. Aṣọ ṣẹ́dà aláwọ̀ ewé tó fi ń wé ìkòkò náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìkòkò bàbà kékeré tó gbé láti ìlú mímọ́ Kashi ní àríwá India, tí omi odò Ganga wà nínú rẹ̀, ti dàwátì.

Igbe tí màmá ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin náà ké ló kó gbogbo ilé àlejò jọ. Àwọn kan ṣì ń fún omi kànga tẹ́ńpìlì kúrò nínú aṣọ wọn. Ẹnì kan sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Nígbà tí Ìsípẹ́kítọ̀ Mangai fi máa dé ní nǹkan bí aago méje ààbọ̀ àárọ̀, àwọn ọkùnrin méjì ti di ọkùnrin tó ń gbálẹ̀ ilé náà lọ́rùn aṣọ mú, wọ́n ń mì í bí ẹni ń gbọn ẹní.

Mangai kì í sáré, kì í sì í pariwo. Irun rẹ̀ ti ń funfun, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sì ń dà á láàmú bó bá ń gun àkàsọ̀. Iwájú ẹnu ọ̀nà ìlà oòrùn tẹ́ńpìlì Rameswaram gan-an ni wọ́n bí i sí; ìkarahun òkun ni bàbá rẹ̀ ń tà níbẹ̀ kó tó wọ iṣẹ́ ṣọ́jà, tó sì kó ìyàwó àtọmọ lọ sí Pune. Ibẹ̀ ni Mangai ti gbọ́ èdè Marathi, èdè àwọn àlejò wọ̀nyí, bí ẹni tó bá a wáyé.

"Ẹ fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀," ló sọ.

"Olè ni, Ọ̀gá!" Ọkùnrin sìgbọnlẹ̀ kan tó wé láwàní aláwọ̀ ọsàn ló dáhùn. "Dattaram lorúkọ mi. Èmi ni mo kó èèyàn mọ́kànlélógójì wá láti abúlé wa. Ọjọ́ kẹrìnlá rèé tí a ti wà lójú ọ̀nà, abẹ́rẹ́ ò sọnù lọ́wọ́ wa. Láàárọ̀ yìí tí gbogbo wa lọ fi omi kànga méjìlélógún inú tẹ́ńpìlì wẹ̀, òun nìkan ló wọ yàrá. Òun nìkan! Kì í tiẹ̀ ṣe ẹlẹ́sìn wa. Ẹ ò rí àgbélébùú tó fi kọ́rùn?"

"Mo rí i. Ṣé àgbélébùú náà ló gbé ìkòkò?"

Sájẹ́ǹtì Velu, tó dúró lẹ́yìn ọ̀gá rẹ̀, fi ikọ́ bo ẹ̀rín mọ́lẹ̀.

Ọkùnrin tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn ń jẹ́ Susai. Apẹja ni tẹ́lẹ̀, kí ìjì tó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ. Ó ti ń gbálẹ̀ ní ilé àlejò yìí fún ọdún mẹ́sàn-án.

"Ọ̀gá mi, mo gbálẹ̀, mo nulẹ̀, mo jáde. Mi ò fọwọ́ kan ẹrù wọn. Onílé ti ní tí wọn ò bá rí ìkòkò yẹn lónìí, kí n má padà wá lọ́la. Ibo ni kí n wá gbà báyìí?"

"Ẹ jókòó síbi tí mo ti lè máa rí yín, Bàbá," ni Mangai wí fún un. "Kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn yín mọ́."

Ó wọ yàrá. Shevanta, ìyàwó ọmọ Godubai, ti wọ aṣọ gbígbẹ fún ìyá ọkọ rẹ̀, ó ń fi aṣọ ìnura gbo irun rẹ̀. Màmá náà kò sunkún mọ́. Ó kàn tẹjú mọ́ ìrọ̀rí náà ni.

Mangai bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú ìrora. Ìṣẹ́po mẹ́rin gúnrégé ni wọ́n ṣẹ́ aṣọ ṣẹ́dà náà sí, wọ́n sì wá fi ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà màmá náà lé e lórí, níbi tí kò ti ní í já bọ́ sílẹ̀. Nítòsí ibẹ̀ ni àpò kékeré kan wà. Ó tú u wò: òrùka ẹsẹ̀ méjì tí wọ́n fi fàdákà ṣe, tó wúwo dáadáa.

"Ta ló ṣẹ́ aṣọ yìí báyìí?"

"Bí mo ṣe bá a nìyẹn, ọmọ mi," ni Godubai dáhùn.

Àbàwọ́n pupa kan wà létí aṣọ náà. Mangai fi ìka tútù kàn án, pupa náà sì tẹ̀ mọ́ ọn níka. Ó gbé ìka náà sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀, ó sì fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ sọ fún mi nípa ìkòkò náà, Màmá."

Godubai mí kanlẹ̀. "Ẹ̀jẹ́ ọkọ mi ni. Ọmọ wa kan ṣoṣo já sínú kànga lọ́mọ ọdún márùn-ún. Bàbá rẹ̀ dúró létí kànga náà, ó ní bí ọmọ yìí bá jáde láàyè, òun á gbé omi Ganga lọ dà sórí òkúta Olúwa ní Rameswaram. Ọmọ jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀dá dé, oko dé, ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Ogójì ọdún! Nígbà tó ń kú lọ lọ́dún tó kọjá, kò pe orúkọ ọmọ, kò pe tèmi. Ó kàn ní, 'Omi yẹn.' Mo ní mo gbọ́. Òun ni mo ṣe wá."

"Ṣé ìkòkò náà kún?"

"Kò kún o. Àlùfáà tó bá wa pọn ọ́n ní Kashi ní ká fi àyè sílẹ̀ lókè, ó sì fi ìda pupa dí i lẹ́nu. Abẹ́ orí mi ló ń sùn. Bí mo bá yí padà, màá gbọ́ ọ: gbọ̀lọ̀, gbọ̀lọ̀. Ọkàn mi á sì balẹ̀." Ó mi orí. "Kí etí mi tó di ṣá o. Ọjọ́ mẹ́fà rèé, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Àgbà ti dé sí mi lára."

Mangai wò ó. Láti ìgbà tó ti wọlé, ohùn ìsàlẹ̀ ló fi ń bá màmá náà sọ̀rọ̀, màmá náà kò sì tíì ní kó tún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ.

"Ṣé ó kúrò lọ́wọ́ yín rí?"

"Kò kúrò rí, àfi láàárọ̀ yìí tí mo lọ wẹ̀! Bí mo bá ń jẹun, orí itan mi ló ń wà."

Shevanta, tó ń gbo irun, dáwọ́ dúró díẹ̀, ó tún ń bá a lọ. Mangai rí i. Nígbà tó ń jáde, ó ní kí ìyàwó náà wá fi ibi omi han òun.

"Ọjọ́ wo ni ìkòkò náà kúrò lọ́wọ́ wọn?" ló bi í nígbà tí wọ́n dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Omi lé sójú Shevanta. "Ẹ jọ̀ọ́, Ọ̀gá, ẹ má jẹ́ kí Ìyá gbọ́. Nígbà tí a kọjá Nagpur, ibà gbé wọn sánlẹ̀. Odindi ọjọ́ kan, wọn ò mọ ibi tí wọ́n wà. A gbé wọn lọ gba abẹ́rẹ́. Ẹ̀rù ń bà mí pé kí ìkòkò náà má já níbi tí a ti ń gbé wọn sókè sódò, ni mo bá fà á lé Bhikaji lọ́wọ́, alásè wa. Ibi ìdáná rẹ̀ ló mọ́ jù nínú bọ́ọ̀sì. Ó dá a padà ní ìrọ̀lẹ́."

"Ọjọ́ mélòó sí òní?"

Shevanta fi ìka kà á. "Mẹ́fà."

"Ẹ ṣeun. Ẹ lọ wá nǹkan gbígbóná fún màmá."

Ní ẹ̀yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀sì, Bhikaji ń ro ìkòkò ìrẹsì ńlá. Ọkùnrin rọ̀bọ̀tọ̀ ni, tàbí ká ní ó ti rọ̀bọ̀tọ̀ rí. Ìró tó ró mọ́dìí ti ṣò, ó sì ti ta á ní kókó méjì kó má bàa já bọ́. Páálí àbẹ́là wà lórí pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, àwo ìyẹ̀fun pupa tí wọ́n fi ń sàmì sí iwájú orí sì wà níwájú àwòrán òrìṣà tó gbé kọ́ sára bọ́ọ̀sì.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá alásè. Òórùn yìí dáa o."

"Ẹ jókòó, Ọ̀gá, ẹ jẹ díẹ̀."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Mi ò rí àwo yín."

"Hà, alásè wo ló ń ráyè jẹun?" Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé ojú rẹ̀.

"Àwọn alásè tí mo mọ̀, òórùn ọbẹ̀ nìkan ti fún wọn níkùn. Ìró yín ń bọ́. Ìgbà wo lẹ ti jẹun kẹ́yìn?"

Bhikaji ń ro ìrẹsì tí kò nílò ríro mọ́.

"Ẹ̀yin náà lọ wẹ̀ ní kànga láàárọ̀ yìí?"

"Rárá. Ta ló máa ṣọ́ ẹrù? Ibí yìí ni mo wà."

Nígbà náà ni Velu, tí kì í lè dúró sójú kan, na ọwọ́ sí ọmọrí garawa ìrẹsì gbígbẹ. Alásè náà fò dìde bí ẹni tí agbọ́n ta.

"Má fọwọ́ kàn án! Oúnjẹ ẹ̀jẹ́ ni! Kò sẹ́ni tó ń kàn án lẹ́yìn èmi!"

"Kúrò níbẹ̀, Velu," ni Mangai sọ jẹ́jẹ́. "Ó ní kò sẹ́ni tó ń kàn án."

Wọ́n dé ìta kí Velu tó lè sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, àbí ká lọ wo àwọn tó ń ra ògbólógbòó bàbà lẹ́bàá ibùdókọ̀ ojú irin? Ibẹ̀ ni ẹrù olè máa ń dé."

"Olè tó fẹ́ ta bàbà, tó fi fàdákà sílẹ̀, tó tún wá jókòó ti aṣọ tó ń ṣẹ́ ẹ? Irú olè bẹ́ẹ̀, tèmi ni kó wá jà. Lọ bá mi yá ìkòkò bàbà kan ní ṣọ́ọ̀bù òdìkejì. Èyí tó tó orí ọmọdé. Kí o sì sọ fún onílé kó wá sí àgbàlá."

Nígbà tó di aago mẹ́wàá, gbogbo wọn ti jókòó lórí ẹní ní àgbàlá, ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ níwájú kálukú. Onílé dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ká apá mọ́ àyà. Susai jókòó lórí òkúta ìfọṣọ, níbi tí Mangai ti lè máa rí i. Bhikaji gbé ìkòkò ìrẹsì dé, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bù.

"Ẹ dúró ná, Bàbá alásè," ni Mangai wí. "Ọ̀rọ̀ mi ò ní í pẹ́. Màmá, ẹ dijú."

Godubai dijú. Mangai mú ìkòkò tí Velu yá, tí omi inú rẹ̀ kò kún, ó mì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí rẹ̀.

"Gbọ̀lọ̀," ni màmá náà wí, ojú rẹ̀ tàn. "Bó ṣe ń dún nìyẹn!"

Mangai ní kí Velu rọ omi kún un dé ẹnu, ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí i, ó tún mì í. Godubai ń retí. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó la ojú.

"Etí yín ò di, Màmá. Ohùn ìsàlẹ̀ ni mo fi bá yín sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí, kò sí èyí tó fò yín. Ìkòkò yẹn ni kò dún mọ́, nítorí ó ti kún. Ìkòkò tí wọ́n fi ìda dí lẹ́nu kì í sì í dédé kún. Ẹnì kan ti ṣí i."

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Dattaram dìde. "Mo ṣáà sọ fún yín! Ọkùnrin agbálẹ̀ yìí..."

"Ọ̀gbẹ́ni Dattaram, ọjọ́ mẹ́fà sẹ́yìn, níbo lẹ wà?"

"A... a wà lẹ́bàá Nagpur."

"Susai ńkọ́? Ó wà níbí, ó ń gbálẹ̀. Ẹ jókòó."

Dattaram jókòó.

"Ìda tí àwọn àlùfáà ní Kashi fi ń dí ìkòkò kì í ranni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n èyí tó kan aṣọ ṣẹ́dà yìí ran ìka mi, òórùn àbẹ́là sì ni mo gbọ́ lára rẹ̀. Ẹnì kan yọ́ àbẹ́là, ó po ìyẹ̀fun pupa mọ́ ọn, ó tún ẹnu ìkòkò dí. Ẹni náà ló padà wá gbé e láàárọ̀ yìí. Kò fẹ́ tà á: ó fi fàdákà sílẹ̀. Kò fẹ́ fi ṣe yẹ̀yẹ́: ó ṣẹ́ aṣọ, ó gbé ìlẹ̀kẹ̀ síbi tó yẹ. Ẹni tó bọ̀wọ̀ fún omi yẹn ni, tí kò sì fẹ́ kí omi tó wà nínú rẹ̀ kan Olúwa lórí. Mo bi yín léèrè ẹni tó wọ yàrá, ẹ ní Susai nìkan ni. Ojú yín ti mọ́ ẹnì kan jù débi pé ẹ ò rí i mọ́. Ẹni tí kò lọ wẹ̀. Tó ń bọ́ gbogbo yín, tí òun fúnra rẹ̀ ò sì fẹnu kan oúnjẹ láti ọjọ́ mẹ́fà, tó ń fi ebi na ara rẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí ọkùnrin tó di ṣíbí ìrẹsì mú.

"Bàbá alásè," ni Mangai wí, "èmi ò ní ṣí garawa yẹn. Ẹ̀yin lẹ máa ṣí i."

Bhikaji gbé ṣíbí sílẹ̀. Ó rìn lọ sídìí bọ́ọ̀sì, ó ti ọwọ́ bọ inú ìrẹsì dé ìgúnpá, ó fa ìkòkò bàbà jáde. Nígbà tó fi máa dé iwájú Godubai, ẹkún ti gbà á lójú. Ó wólẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ pa mí. Mo gbé e sítòsí iná, mo ní ibẹ̀ ló mọ́ jù. Mi ò mọ̀ pé ìda ti rọ̀. A ti gbéra nígbà tí dírẹ́bà ṣàdédé tẹ bíréèkì. Kí n tó bojú wẹ̀yìn, omi ti ń ṣàn lábẹ́ àga. Mo fi aṣọ èjìká mi nù ún. Mo ń fún un padà sínú ìkòkò bí arìndìn. Kò ju ẹ̀kún ṣíbí kan lọ tó kù. Ibi tí a ti dúró ra epo, mo lọ sídìí ẹ̀rọ omi tí àwọn awakọ̀ fi ń ṣan ẹsẹ̀, mo pọn kún un. Ìkánjú ni mo fi pọn ọ́n, ó kún jù. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ pé màá jẹ́wọ́. Lójoojúmọ́ ni mò ń rí yín tí ẹ gbé e mọ́ra bí ọmọ. Nígbà tó wá di òní, mo ní omi ẹsẹ̀ awakọ̀ ò gbọdọ̀ kan Olúwa lórí lórúkọ ọkọ yín."

"Ti omi yẹn, mi ò bá má jáde nílé," ni Mangai wí, ohùn rẹ̀ sì le fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárọ̀ náà. "Àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n wọ́n di ẹnì kan lọ́rùn aṣọ mú níwájú yín, wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ̀yin ń ro ìrẹsì. Ìyẹn ni mo wá fún."

Bhikaji fi orókùn yí sọ́dọ̀ Susai. Ó dọ̀bálẹ̀ síwájú òkúta náà. Susai dìde gìrì, ara rẹ̀ kò gbà á.

"Ẹ dìde, Bàbá, ẹ dìde. Èmi náà ti sọ nǹkan nù sínú omi rí." Ó wá wo Dattaram. "Ẹni tí mo fẹ́ kó sọ̀rọ̀ ni ọ̀gá yẹn. Kó bá mi sọ fún onílé, kó sọ ọ́ sókè bó ṣe pè mí lólè."

Láwàní Dattaram ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orí. Ó dìde, ó lọ bá onílé, ó sì sọ ọ́ sókè tó fi jẹ́ pé àwọn tó ń kọjá ní títì gbọ́: ọkùnrin yìí kì í ṣe olè, òun Dattaram ló pa irọ́ mọ́ ọn, òun sì bẹ̀ ẹ́. Onílé hú ikọ́, ó ní kí Susai padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Godubai gbé ìkòkò náà sórí itan, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lára.

"Bhikaji," ló wí nígbẹ̀yìn, "o ní ẹ̀kún ṣíbí kan ló kù?"

"Bóyá kò tó bẹ́ẹ̀, Ẹ̀gbọ́n."

"Ọkọ mi a máa kán ẹ̀kán omi Ganga kan ṣoṣo sínú kànga wa lọ́jọ́ ọdún. Ẹ̀kán kan! Ó máa ń pariwo sí gbogbo àdúgbò pé kànga òun ti di Ganga, kí wọ́n wá pọn. Ìwọ náà pọn níbẹ̀. Odindi kànga ni ẹ̀kán kan yí padà, ẹ̀kún ṣíbí kan ò wá lè yí ìkòkò tó tó báyìí?" Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, omijé sì ń já bọ́ bó ṣe ń rẹ́rìn-ín. "Òmùgọ̀ èèyàn! Ọjọ́ mẹ́fà láìjẹun. Ká ní o sọ fún mi ní Nagpur, mi ò bá ti gbá ọ létí, ká sì jọ jẹun. Shevanta, bu ìrẹsì fún un. Kó jẹ ẹ́ lójú mi."

Bhikaji jẹun lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Godubai gbé ìkòkò lọ sí tẹ́ńpìlì, ó sì ro gbogbo rẹ̀ fún àlùfáà láìfi nǹkan kan pamọ́: ti ibà, ti bíréèkì, ti ẹ̀rọ omi. Àlùfáà náà gbọ́ ọ tán, ó na ọwọ́ méjèèjì gba ìkòkò náà. Mangai dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo omi náà bó ṣe ń ṣàn sórí òkúta dúdú, ó sì gbọ́ tí màmá náà ń sọ fún ẹnì kan tí kò sí níbẹ̀ pé, "Ó ti dé o. Sinmi."

Ní ọ̀sán, wọ́n lọ sí etí òkun. Ẹni tó bá gbé omi Ganga wá sí Rameswaram ló yẹ kó gbé iyanrìn etí òkun náà padà lọ sínú Ganga, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn kì í lọ lẹ́ẹ̀kejì. Susai ló mú wọn lọ síbi tí iyanrìn ti kúnná, tí ìgbì kò sì le, ó di ọwọ́ Godubai mú kí omi má gbé ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Màmá, ta ló máa gbé iyanrìn yìí dé Kashi?" ni Mangai béèrè.

"Bhikaji ló máa gbé e. Èmi á máa ṣọ́ Bhikaji." Godubai di iyanrìn náà sínú aṣọ funfun kan. "Lẹ́yìn tí a bá kórè ìrèké. Mo ti rò pé bí mo bá délé láti ibí, ikú ni mò ń retí. Mi ò ráyè rẹ̀ báyìí. Ọ̀gá, ṣé ẹ ti dé Kashi rí?"

"Rárá, Màmá. Iwájú tẹ́ńpìlì ibí ni wọ́n bí mi sí, mi ò sì dé ọ̀hún rí."

"Ẹ̀yin tí wọ́n bí síwájú tẹ́ńpìlì! Kí lẹ wá ń ṣe láti ọjọ́ yìí?"

Mangai rẹ́rìn-ín, ó kí wọn pé ó dàbọ̀, ó bọ́ sínú ọkọ̀ ọlọ́pàá. Wọ́n ti rìn jìnnà díẹ̀ ní ojú títì kó tó yíjú sí sájẹ́ǹtì tó ń wakọ̀.

"Velu, ọjọ́ ìsinmi mélòó ni mo ní nílẹ̀ tí mi ò tíì lò?"